Omi Gbígbóná fún Ẹsẹ̀ Màmá

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹsẹ̀ fi ń ta màmá mi bí ẹni tẹ ẹyín iná mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìrora náà ṣàdédé lọ. Ó pa adìyẹ fi ṣe ìdùnnú, ó kó oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ sínú agolo tíì, ó sì dé e pa.

"Àìsàn ti lọ," ó sọ fún mi lórí fóònù. "Kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún?"

Inú mi dùn. Ilé-iṣẹ́ bàtà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dongguan, àmọ́ kí ni mo mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ?

Dókítà Pang tó ń tọ́jú abúlé wa náà pè mí. "Suying, tọ́jú ẹsẹ̀ ìyá ẹ dáadáa o." Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, òtútù ni ọ̀tá ẹsẹ̀ àgbàlagbà, omi gbígbóná sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn.

Mo wálé ọdún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo se omi pẹ̀lú atalẹ̀, mo dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onígi, mo sì gbé àga Màmá sẹ́nu ọ̀nà. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wálé kẹ́yìn.

Màmá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "Ó tutù. Ṣé ẹja lo fẹ́ sìn sínú ẹ̀ ni?"

Mo da omi fúláàsì kan sí i. Ooru bo orúnkún rẹ̀.

"Ó ti ń dáa bọ̀. Fi kún un."

Ìyá Jinbao, aládùúgbò wa, ti dúró tó ń wò wá lẹ́bàá ọgbà. "Háà, Ìyá Suying, ẹ̀yin lẹ bímọ! Fọ́tò ni tèmi ń fi ránṣẹ́."

"Ẹ lọ pe tiyín wálé, kẹ́ ẹ fi tèmi sílẹ̀," ni Màmá fi dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo da fúláàsì kejì. Mi ò fọwọ́ kan omi náà rí.

Nígbà tó yọ ẹsẹ̀ jáde, ó pọ́n bí ata. "Wò ó, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn dáadáa!" ni Màmá wí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, awọ ẹsẹ̀ òsì ti bá ìbọ̀sẹ̀ jáde. Màmá ń wò ó, kò tilẹ̀ ṣe yéè. A fi ọṣẹ ìfọyín pa á fún ọjọ́ mẹ́fà, títí òórùn fi lé wa dé ọ̀dọ̀ Dókítà Pang.

"Ta ló da omi gbígbóná sẹ́sẹ̀ yìí?" ó pariwo. "Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ ò sàn o, ó ti kú ni! Iná lè jó o kó má mọ̀!"

Mo la ẹnu. Màmá ti yára gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

"Èmi ni, Dókítà. Agídí mi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi Dewang, tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí mo da omi náà, bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn. "Màmá, ẹ kì í gbọ́ràn! Ẹ rí ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fà!" Màmá tẹrí ba bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo dákẹ́ síbẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún, ṣùgbọ́n egbò ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. A ò tíì gbin àgbàdo tó fi kú. Ọjọ́ tó kú gan-an, Dewang ṣì ń sọ pé ìyá wa ló pa ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Jinbao di ọwọ́ mi mú láàárín àwọn obìnrin, omijé lójú rẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ tó tọ́jú ìyá! Ojú mi báyìí ló ṣe. Fúláàsì omi gbígbóná méjì ló dà sẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀."

Dewang gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì yíjú sí mi.