Mẹ́dàlì Bàbá Tíṣà

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ẹni tó bá ń wá ògo bàbá rẹ̀ kiri, kì í ṣe bàbá ló fẹ́ gbé ògo náà wọ̀. Bàbá ti wà nínú ilẹ̀, kò láyà tí a lè fi nǹkan kọ́ sí mọ́. Tíṣà Akínwálé ló láyà. Àyà náà fẹ̀, ó sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá wo kóòtù dúdú rẹ̀ dáadáa á rí i pé ó ku ohun kan tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ohun náà ni mẹ́dàlì. Fàdákà ni, ó ní orí ọba ní ojú kan, ojú kejì sì ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé ìwà akin lójú ogun ni wọ́n fi gbà á. Inú àpótí ni wọ́n ti bá a nígbà tí Adéwùmí, bàbá Tíṣà, kú. Adéwùmí lọ sógun Jámánì àkọ́kọ́, ó bọ̀, ó gbin kòkó, kò sì sọ̀rọ̀ ogun fún ẹnikẹ́ni títí ó fi lọ. Ọmọ rẹ̀ ló wá ń bá a sọ ọ́. Kò sí ẹni tó wá kí Tíṣà nílé lọ́dún 1955 tí kò fi mẹ́dàlì náà hàn, tí kò ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún, tí kò sì túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, àti ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tí kò gbọ́. Kódà wolé-wolé tó wá yẹ àmù wò, mẹ́dàlì ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lọ́dún náà, oyè ìdílé wọn ṣófo. Bàbá Afọláyan, ẹni tó dàgbà jù ní agbo-ilé wọn ní Ìkẹ̀rẹ́, ní bí ọdún Olósùnta bá ti kọjá, ẹbí yóò jókòó, wọn yóò sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Adéwùmí. Ọmọ ọkùnrin méjì ni Adéwùmí fi sílẹ̀. Akínwálé ni àkọ́bí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Dúrójayé ni àbúrò, ọmọ ìyàwó kejì, àgbẹ̀ oníkòkó lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ti àkọ́bí ni. Dúrójayé fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò ní bá ẹ̀gbọ́n òun du oyè. Bí Tíṣà bá ti panu mọ́, tó ń bá yíyan rẹ̀ lọ, oyè náà yóò bá a nínú ilé. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ oyè tí wọ́n fún un nítorí pé òun ló kọ́kọ́ dé ayé. Ó fẹ́ kí wọ́n wí pé ọmọ akin ni, kí wọ́n sì wí i sókè.

Ibi tí ìbínú ti wọlé nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tíṣà ń sọ fún àwọn àgbà pé bàbá òun kò fi ojú ogun sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dúrójayé, tó ń pín obì lọ́wọ́, ní,

"Ó ṣáà wálé lẹ́ẹ̀kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó wá kí ìyá yín, ó tún padà."

"Ó wálé?"

"Láàárín ogun ni, wọ́n ní."

"Ta ló ní?"

"Ilé yìí náà ló ní."

Bàbá Afọláyan gbé ojú sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó wálé. A ti parí ìyẹn tipẹ́." Ó sì gba obì tirẹ̀.

Ẹlòmíì ì bá gba obì tirẹ̀ náà. Tíṣà nà ró fẹ́ẹ́, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Dúrójayé! Sọ́jà tó fi ojú ogun sílẹ̀ wá kí ìyàwó, kí ni wọ́n ń pè é? Ìsáǹsá! O jókòó sínú ilé bàbá mi, ò ń gé obì bàbá mi, o wá ń pe bàbá mi ní ìsáǹsá!"

"Bàbá tèmi náà ni."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò jọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wálé. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Màá fi ohun tó burú níbẹ̀ hàn ọ́," ni Tíṣà wí. Ó gba ìta lọ, obì tirẹ̀ sì wà nínú àwo títí wọ́n fi túká.

Láti ọjọ́ náà, ìbínú ni Tíṣà ń jẹ láàárọ̀, òun ló ń jẹ lálẹ́. Ó kọ̀wé sí àwọn ológun pé kí wọ́n sọ ohun tí bàbá òun ṣe gan-an tó fi gba mẹ́dàlì. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ń gba sọ́jà nígbà náà kì í dá ara wọn lágara pẹ̀lú orúkọ ìdílé. Ìlú tí èèyàn bá ti wá ni wọ́n ń fi ṣe orúkọ kejì fún un. Adéwùmí Ìkẹ̀rẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ àwọn, èwo ni tirẹ̀? Tíṣà ka ìwé náà fún àwọn tíṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bínú sí akọ̀wé tó kọ ọ́, ó bínú sí Ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú, ó sì bínú sí àwọn Adéwùmí méjì yòókù, pé wọn kò rí orúkọ mìíràn jẹ́ láyé wọn.

Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà á. Ó ní Kọ́púrà Fáníyì wà láyé ní Èmùré, òun àti Adéwùmí sì jọ lọ sógun náà ni. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tíṣà wọ bọ̀lẹ̀kájà. Ó bá awakọ̀ jà nítorí eruku. Ní Ìṣẹ̀, ó bá ìyá kan jà nítorí adìẹ tó gbé dání, pé ó ń fojú burúkú wo òun.

"Tíṣà, adìẹ kò mọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́," ni ìyá náà wí. "Ẹ má bínú sí i, Sátidé ni, kò wá sí kíláàsì."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé Èmùré.

Fáníyì ń da kòkó sórí ẹní lẹ́yìnkùlé nígbà tí Tíṣà bá a. Arúgbó ni, ó ga, ó sì ń tiro díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Adéwùmí Ìkẹ̀rẹ́, ó fi kòkó sílẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí ọ̀gágun pè.

"Ọmọ Adéwùmí ni ọ́?"

"Àkọ́bí rẹ̀."

"Jókòó."

Ó sọ fún un pé ní ẹ̀bá odò kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Jámánì gbé ìbọn tí ń rọ̀jò ọta sínú igbó. Mẹ́ta nínú àwọn sọ́jà Nàìjíríà ṣubú sí òdìkejì odò, ọ̀gá wọn sì ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Adéwùmí kò dá a lóhùn. Ó wọ odò, ó gbé ẹnì kan bọ̀. Ó tún lọ. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọta ń ta omi sókè yí i ká bí òjò tí ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Ta ni ẹnì kẹta?" ni Tíṣà béèrè.

Fáníyì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi itan rẹ̀ hàn án. Ojú ọgbẹ́ náà jin tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyin adìẹ fi lè jókòó síbẹ̀.

Omi bọ́ lójú Tíṣà. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run, bàbá rẹ̀ ló rò, kò ro ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí Dúrójayé.

"Bàbá, àwọn kan nílé wa ní ó wálé láàárín ogun."

"Wálé báwo? Nígbà tí a kúrò ní Kamẹrúùnù, inú bárékè ní òkè Ọya ni wọ́n dè wá mọ́ bí ewúrẹ́, kí a má baà sá lọ. Láti ibẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi. Ṣé orí òkun ni yóò ti rìn wá jẹ iyán n'Íkẹ̀rẹ́ ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àga ti ṣubú. Ẹ̀rín náà kò dára í wò. "Ẹ ó bá mi sọ ọ́ báyìí gẹ́lẹ́ níwájú ẹbí?"

"Nítorí Adéwùmí, màá sọ ọ́ níwájú ọba."

Nígbà tó délé, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Wúràọlá ti darúgbó, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Tíṣà dúró lé e lórí, ó ro ẹjọ́ odò, ó ro ẹjọ́ ọta, ó wá fi ti òkun parí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ti odò, ó mi orí, ó rọra rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ ti òkun, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ó wá sí ulé," ni ìyá náà wí.

"Ilé, Ìyá. Ilé."

"Ulé ni mo ti ń pè é kí o tó mọ̀wé. Ó wá, ó sì padà."

"Fáníyì ní kò wá!"

"Fáníyì ni ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi nígbà náà? Akínwálé, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí òkú sùn. Wọ́n ní àwọn kò ní fún ọ lóyè ni?"

"Ẹ fẹ́ kí n jẹ́ ọmọ ìsáǹsá!"

Ó wò ó títí. "Ọmọ ìsáǹsá kọ́ ló burú jù láyé."

Inú bí Tíṣà. "Ìyá, ọkọ yín ni! Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ gbèjà rẹ̀! Ó lọ, ó jagun, ó ṣẹ́gun, ó wálé, ó wá bí mi. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi láti kékeré nìyẹn. Kí ni ẹ ń fi ìrìn-àjò òru bà á jẹ́ fún? Dúrójayé ló kọ́ yín!"

"Dúrójayé kò kọ́ mi ní nǹkan kan," ni ìyá náà wí, ó sì padà sí ẹ̀wà rẹ̀. Tíṣà kò kí i fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá sì fẹ́ ránṣẹ́ sí i, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń rán.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Tíṣà ti fi bírásò nu mẹ́dàlì títí imú ọba fi ń parẹ́ lọ, ó wá fi abẹ́rẹ́ kọ́ ọ sí àyà kóòtù rẹ̀ láìbìkítà fún ẹni tó ni ín. Gbogbo ẹbí ló jókòó. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láàárín àwọn àgbà obìnrin. Fáníyì jókòó sáàárín ilé, fìlà sọ́jà rẹ̀ wà lórí eékún. Ó sọ ọ̀rọ̀ odò, ó fi itan hàn, àwọn obìnrin fi ọwọ́ borí, ọkùnrin ń kan sáárá. Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Bàbá Afọláyan tilẹ̀ ti na ọwọ́ sí ewé oyè.

"Ó kù!" ni Tíṣà ké. Ó dúró bí ìgbà tó wà níwájú pátákó. "Bàbá Fáníyì, ǹjẹ́ bàbá mi sá?"

"Rárá o."

"Ǹjẹ́ wọ́n fún un ní ìsinmi?"

"Ìsinmi kẹ̀?"

"Láàárín ogun, ǹjẹ́ ó wá sí Ìkẹ̀rẹ́, bó ṣe òru ọjọ́ kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó," ni Dúrójayé wí. Ó ti dìde. "Akin ni bàbá wa, gbogbo wa ti gbà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ gba oyè yín."

"Jókòó! Ìwọ lo pè é ní ìsáǹsá!"

"Mo jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n."

"Kò tó! Kí ó dáhùn!"

"Kò wálé rí," ni Fáníyì wí.

Dúrójayé yíjú sí arúgbó náà, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé."

"Ìgbàgbé a máa bá àgbà," ni Bàbá Afọláyan tètè fi kún un. "Èmi gan-an, àná ni mo wá fìlà mi tì, ó wà lórí mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tíṣà pàtẹ́wọ́ sí Fáníyì lójú. "Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá! Wọ́n ní ẹ ti ń ṣarán! A pè yín láti Èmùré wá, wọ́n wá ń fi yín ṣẹ̀sín! Ṣé ẹ ó gbà fún wọn?"

Fáníyì kò gbà fún wọn. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Èmi? Èmi ń ṣarán? Mo mọ orúkọ ajá ọ̀gá wa! Mo mọ ẹni tó bì sí mi lára nínú ọkọ̀ ojú omi, mo mọ ohun tó jẹ! Ọjọ́ tí a bọ̀, ẹsẹ̀ ni a fi rìn láti ibi rélùwéè ní Òṣogbo, èmi àti Adéwùmí. Ọ̀sán la wọ Ìkẹ̀rẹ́. Ọdún mẹ́rin tí a ti kúrò nílé ti pé, ó ti lé. Ilé yìí ni mo sùn kí n tó kọjá sí Èmùré. Ta ló ní mo gbàgbé?"

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, sí Wúràọlá.

"Ìyàwó rẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ rí wa. Odò ló ti ń bọ̀, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Adéwùmí sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wo ọmọ náà, kò béèrè nǹkan kan, ó tú u lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé e wọlé."

Ó yíjú sí Tíṣà, inú rẹ̀ ti ń dùn báyìí, bí ẹni tó ti borí gbogbo wọn.

"Ìwọ ni, Tíṣà. Wọn kò tíì já ọ lẹ́nu ọmú."