Òògùn Òsúkè

"Sàkàrìyáù, ìwọ lo jí ṣúgà ọ̀gá!"

Sàkàrìyáù ta gìrì, ó yọ ọwọ́ nínú ìyẹ̀fun tó ń pò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì náà ní Ìkòtún ń wò ó lẹ́nu. Òsúkè tún gbé e. Ẹ̀rín sọ.

Ta ni kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń wo òsúkè nìyẹn? Ẹ pe onítọ̀hún lólè lójijì, àyà rẹ̀ á já, òsúkè á sì lọ. Wọ́n ti fún un lómi tútù, wọ́n ti ní kó di èémí mọ́nú.

"Ata ni jàre," ni Táyéwò, ẹni tó pariwo olè náà, wí. "Ìwọ náà kì í fara balẹ̀ jẹun."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni òsúkè yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ajé sì ni wọ́n wà yìí.

Lọ́sàn-án, ìyàwó Sàkàrìyáù, Mọ̀dínátù, wá kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó ni ilé búrẹ́dì, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí mọ́tò yín gbé wa dé ọsibítù ìjọba ní Ìkẹjà. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní òsúkè tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì kì í ṣe ti ata mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò sì rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa. Ó ní ó lè jẹ́ kíndìnrín."

"Torí òsúkè ni kí n ṣe dá mọ́tò búrẹ́dì dúró?"

"Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín, sà."

"Ṣé òun kọ́ ni wọ́n pè lólè láàárọ̀ yìí? Etí mi ni mo fi gbọ́. Mi ò gbé olè lọ sí ọsibítù. Kó máa lọ sílé ẹ̀."

Ọkùnrin yìí mọ̀ pé òògùn òsúkè ni. Ìyá tó bí i pàápàá ti pè é lólè bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìwà ìkà gbáà ni.

Mọ̀dínátù yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ ní eré ni."

Ọdún 1987 ni, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n bí imí eégún. Táyéwò tẹrí ba, ó ń po ìyẹ̀fun tó ti pò tán. Àwọn yòókù ń nu agolo tó mọ́. Sàkàrìyáù la ẹnu láti gbèjà ara rẹ̀, òsúkè gé ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sójú títì.

Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́. Kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kó tó kú.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mọ́tò Ọmọ́tọ́ṣọ́ dé wẹ́rẹ́. Táyéwò ru apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì gbígbóná wọlé, àwọn èèyàn sì ń ṣàdúrà fún ọ̀gá pé Ọlọ́run á san án fún un.

Mọ̀dínátù dìde lórí ẹní.

"Bọ̀dá Táyéwò, ẹ bá mi gbé e padà o. Kí wọ́n má baà tún ní ọkọ mi ló jí i."