Ọ̀bẹ Iléyá

“Ta lo wá ń fi í pamọ́ fún?”

Sájẹ́ǹtì Akínọ̀ṣọ́ ló béèrè, ọ̀bẹ Yísà ọkọ mi wà níwájú rẹ̀ lórí káńtà tésàn. Yísà dáhùn pé àgbò ni òun ń fi í pamọ́ fún. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò lè dún dáadáa létí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Yísà ń ṣe láwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Awóyáyà, ṣùgbọ́n ọmọ alápatà ni ní Ìkirè, tí Iléyá bá sì dé, òun ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń pè kó wá dúńbú àgbò wọn. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ pé ẹran kò gbọdọ̀ fojú kan ọ̀bẹ kí àsìkò tó tó, pé ìkà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àlájà Bàṣírát, obìnrin olówó kan tó ń gbé nítòsí Thomas Estate, ló ránṣẹ́ pè é. Yísà rí i láti òkèèrè pé ẹnu géètì ni wọ́n so àgbò mọ́. Ọ̀bẹ sì gùn, ó yọrí nínú báàgì. Ló bá yọ ọ́, ó fi aṣọ wé e, ó sì tì í bọ abẹ́ dàńṣíkí rẹ̀. Kò mọ̀ pé mọ́tò ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó ní nígbà tí wọ́n ń mú òun, ọdẹ ẹnu géètì tó mọ òun dáadáa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi pe Àlájà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà, wọ́n pa á. Ẹ má sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Sájẹ́ǹtì kò jágbe mọ́ wa o. Ó tiẹ̀ fún mi ní bẹ́ǹṣì kí n jókòó, ibẹ̀ gan-an ni ara ti fu mí. Ó ní òfin kò bá ọ̀bẹ jà, ìyàwó ilé ń fi gé àlùbọ́sà, alápatà ń fi gé ẹran. Ìbọn ní tirẹ̀, òfin ti dárúkọ rẹ̀ ní ohun ìjà, ó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ, òòlù, àní igi lásán, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó mú un dání ni òfin ń wò. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi pé ọ̀rẹ́ wa ni.

“Ká ní olè dá ẹ lọ́nà lónìí ńkọ́, tí ọ̀bẹ yẹn wà lára ẹ?”

Mo tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Kò yé e.

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà. Mi ò kúkú ní dúró kó pa mí.”

Bíró bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ìwé. Nígbà tí wọ́n máa kà á sí wa létí, ó ti di pé Yísà fi ohun ìjà olóró pamọ́ sára, ó sì jẹ́wọ́ pé òun máa fi ṣe èèyàn léṣe. Yísà ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní nǹkan kan náà ni, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Mo lọ sílé lọ gbé oúnjẹ wá fún un. Nígbà tí mo padà dé láago mẹ́rin, ẹ̀yìn tésàn ni mo ti bá a, láìwọ bàtà, tó kúnlẹ̀ ti àgbò ńlá kan. Ọ̀gá tésàn ló ni àgbò. Alápatà tí wọ́n ń retí kò wá, ẹnì kan sì rántí pé ọ̀kan wà nínú àhámọ́. Ọ̀bẹ Yísà náà ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Inú mi dùn dé góńgó. Ẹni tí wọ́n fún lọ́bẹ láàárín ọlọ́pàá mẹ́fà, ta ló tún máa pè é ní eléwu? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọpẹ́ yẹn ṣì ń tì mí lójú di òní.

Yísà dúńbú ẹran, ó bó awọ rẹ̀, ó gé e sí wẹ́wẹ́. Kó tó bu omi tí yóò fi fọ ọ̀bẹ, Sájẹ́ǹtì ti gbà á, ó ti dì í sínú ọ̀rá. Wọ́n fún mi ní ìfun díẹ̀. Ọ̀gá ní kí n máa lọ, ó di ilé ẹjọ́.

Lẹ́yìn ìsinmi ọdún, wọ́n gbé Yísà dé iwájú adájọ́. Agbẹjọ́rò ọlọ́pàá gbé ọ̀rá náà sókè. Ó ní yàtọ̀ sí ohun tí olùjẹ́jọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára ọ̀bẹ yìí, àwọn ò sì tíì mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́.

Mo dìde. “Ẹ̀jẹ̀ àgbò ọ̀gá wọn ni, sà.”

Akọ̀wé kóòtù ní tí n kò bá jókòó, wọn yóò ti èmi náà mọ́lé. Mo wo Sájẹ́ǹtì Akínọ̀ṣọ́. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi Yísà sọ́gbà ẹ̀wọ̀n fún ọgbọ̀n ọjọ́ ná, kí àwọn ọlọ́pàá lè ráyè wá ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà.