Aláìlọ́wọ́ Tó Mọ Òsì

Ìfòfó inú àgbá náà ti wálẹ̀. Lánàá, ó ń ru bí ẹni fẹ́ ṣí ìdérí. Ní òwúrọ̀ yìí, ojú omi náà pa lọ́lọ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

"Ìyá Ìwúkàrà, ṣé búrẹ́dì ti jinná?"

Ọ̀gá obìnrin tó dúró ti àgbá náà ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ìgbà èwe ni ọkùnrin náà ti ń fi ásíìdì po oògùn. Òun ló fún obìnrin náà lórúkọ yẹn, gbogbo ilé iṣẹ́ sì gbè é lẹ́nu bí orin.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ìwúkàrà tó wà nínú àgbá. Ó mọ ohun tó ṣe. Omi olóòórùn dídùn tí ìwúkàrà gbọ́dọ̀ sọ di nǹkan mìíràn, májèlé ni fún ìwúkàrà fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni à á fi í fún un. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá má baà ní ó ń fàkókò ṣòfò, ó ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán omi náà sínú àgbá fẹ̀ jù ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú… Ó gé òwe náà kúrú lọ́kàn rẹ̀.

"Ìwúkàrà rẹ ti kú. Dà á nù. Tó bá dọ̀sán, ásíìdì la máa padà sí."

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ wò. Òkú kì í sáré, kò níbi tó ń lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá. "Ìwọ àti ẹnu rẹ! Ó yá, bù ú."

Oògùn tó ń la àyà fẹ́ni tí kò rí èémí mí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wá nínú àgbá kì í ṣe oògùn síbẹ̀, oyún rẹ̀ ni. Bí ásíìdì bá bí i, ìbejì ni, wọ́n á jọra bí ìbọ̀wọ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ti òsì wúlò, ti ọ̀tún á di ìdọ̀tí.

Ó sẹ́ omi náà, ó yọ òróró rẹ̀, ó rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì, ó tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ètè rẹ̀ ń gbàdúrà láìsí ohùn. Bí ìwúkàrà kò bá ṣe nǹkan kan, tààrà ni ìmọ́lẹ̀ á kọjá; bí ó bá jẹ́ ti òsì nìkan ló wà níbẹ̀, òsì ni ìmọ́lẹ̀ á yà sí.

Ìmọ́lẹ̀ náà yà sí òsì.

Ó tún un ṣe. Òsì. Ọ̀gá wá fojú ara rẹ̀ wò ó, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Kò sí ọ̀tún kankan níbẹ̀?"

"Kò sí, sà."

Ọ̀gá yíjú sí àgbá. "Ta ló kọ́ wọn ní òsì?"

"Ẹni tó dá wọn ni. Ìwúkàrà, aláìlójú tó mọ̀nà, aláìlọ́wọ́ tó mọ òsì. Tín-ín-tín bí eruku, agbé-ìyẹ̀fun-dìde."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgbá yẹn," ni ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, ó sì jáde.

Obìnrin náà fi ẹ̀kán omi àgbá kan sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, lọ́hùn-ún, ọ̀kan ṣì ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wò wọ́n títí. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe oògùn fún ẹnikẹ́ni. Májèlé tí òun dà lé wọn lórí ni wọ́n ń yí padà kí ẹ̀mí wọn má baà bọ́. Ohun tí wọ́n sì tì síta ni ẹnì kan yóò fi mí lọ́la. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àyà wà láyé.

Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbọ́ bí èémí náà ṣe ń wọlé.