Èyí Tó Ń Ti Ìdí Jáde

Nígbà tí awọnlẹ̀ gbé wáyà wọlé ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ rò pé ó ṣìlé ni. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ọkùnrin náà fi ń yà kí i bí ẹni yà mu omi: kò ní jókòó, kò ní bọ́ bàtà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àfi ọjọ́ tó dé pẹ̀lú wáyà, ìṣó àti òòlù, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí n wá bá yín tún ògiri òdòdó yín ṣe."

Inú obìnrin náà dùn débi pé kò rántí bi í pé kí ló dé. Èmi ì bá bi í. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣé ó máa ń bi omi pé ibo lo ti wá ni?

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí fún ilé ìwòsàn, funfun láàárọ̀, funfun nírọ̀lẹ́, títí ojú fi fẹ́ẹ̀ fọ́. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán àbúrò ẹ̀ níwèé tó fi di ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kiri, iṣẹ́ yẹn náà ló fi kọ́ ilé tó ń gbé. Nígbà tó kan ká kọ orúkọ sínú ìwé ilé, ó ní, "Kọ tìẹ sí i jàre. Ìwọ lo mọ ìwé." Orúkọ kan ṣoṣo yẹn náà ló wà níbẹ̀ títí dòní. Abẹ́rẹ́ ò bímọ. Àbúrò ẹ̀ ló fi ṣọmọ.

Nígbà tí ojú kọ iṣẹ́, ó gbin róòsì funfun kan sídìí ògiri iwájú ilé. Àwọn aládùúgbò ní ṣé gbogbo funfun tó ti rán ò tíì sú u ni. Ó ní ó kéré tán, èyí ò ní kóun máa ṣẹ́ etí ẹ̀.

Irú èyí tó ń gun ògiri ni, kì í sì í tanná lẹ́ẹ̀kan kó wá sinmi di ọdún tó ń bọ̀. Á tanná, á rọ, á sinmi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á tún tanná. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ní í mú un ṣe bẹ́ẹ̀ o. Tó o bá fi òkú òdòdó sílẹ̀ lórí ẹ̀, á so èso, á ní òun ti ṣe tòun. Tó o bá sì jẹ́ kí ẹ̀ka ẹ̀ nà ṣánṣán, òkè téńté nìkan ló máa tanná sí, ẹyẹ nìkan ló máa máa rí i. Àfi kó o tẹ́ ẹ̀ka náà gbalaja sára wáyà bí ẹni tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, nígbà náà ni gbogbo oríkèé ẹ̀ á yọ òdòdó. Ọdún mẹ́ta ló gbà á kó tó mọ èyí, apá ẹ̀ méjèèjì sì kún fún àpá ẹ̀gún. Wáyà ló kù tí kò ní, wáyà náà sì ni ọmọ ìyá ẹ̀ gbé wá.

Awọnlẹ̀ fa téèpù yọ. "Ẹ bá mi di ìdí ẹ̀ mú."

Ó dì í mú. Ẹni tí téèpù ti wà lọ́rùn ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di ọlọ́mọge, kí ló fẹ́ rò? Wọ́n wọn ògiri iwájú. Wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Wọ́n yí sẹ́yìn, wọ́n wọn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wọn láti ẹnu géètì dé ìdí kànga.

"Ṣé róòsì yìí náà ló máa lọ pọnmi ni?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Kí wáyà má baà kúrú ni," àbúrò ẹ̀ dáhùn, ó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òdòdó náà, ọkùnrin náà rí ẹ̀ka tútù kan tó ti ilẹ̀ yọ, tó ga dé ìbàdí. "Èyí mà ń ṣe dáadáa o! Ó ju àwọn tó kù lọ."

"Olè ni," Abẹ́rẹ́ ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣó o rí kókó yìí? Ibí ni wọ́n ti lẹ funfun mọ́ gbòǹgbò róòsì igbó, torí gbòǹgbò ti igbó ló lágbára. Èyí tó bá ti òkè kókó jáde, tiwa ni. Èyí tó bá ti ìdí jáde, ti igbó ni. Ka ewé ẹ̀ wò, méje-méje ni. Tiwa, márùn-ún-márùn-ún. Tó o bá fi í sílẹ̀, á mu omi, á jẹ ajílẹ̀, kó tó pé ọdún méjì á ti pa funfun kú. Fà á tu!"

Àbúrò ẹ̀ fà á tu, ẹ̀gún gún un, ó sì ké bí ọmọdé. Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ náà mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀ lọ́kàn ẹ̀ ju ohun tẹ́nu lè sọ.

Látìgbà náà, awọnlẹ̀ ń wá ní gbogbo Sátidé. Ó gbé ajílẹ̀ wá. Ó kun géètì. Nígbà tí òdòdó bo ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó yọ fóònù láti ya fọ́tò. Abẹ́rẹ́ sáré lọ wé gèlè, ó wá dúró síwájú ògiri.

"Ẹ sún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Díẹ̀ sí i. Àní kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀, òdòdó yẹn ni mo fẹ́ yà."

Ó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ń ròyìn àbúrò ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ pín ògiri. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n wáyà wo ló fẹ́ ta dé ìdí kànga?"

"Ìlara ló ń ṣe yín," Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn, kò sì kí i fún ọ̀sẹ̀ kan. A kì í gbọ́n tó ẹni tó ń tan ni.

Òdòdó rọ, Abẹ́rẹ́ gé gbogbo òkú ẹ̀ kúrò, òdòdó náà sinmi, ó tún tanná. Inú ìtànná ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni awọnlẹ̀ dé, ọjọ́ náà kì í ṣe Sátidé. Ìwé wà lábíyá ẹ̀, ọmọbìnrin kan tó lóyún sì ń tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà rí ògiri, ó kígbe, "Òun nìyí! Òun la rí nínú fọ́tò! Ọkọ mi ní torí òdòdó yìí nìkan, òun ò ní wo ilé mìíràn mọ́."

Abẹ́rẹ́ fa àbúrò ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ilé wo?"

Ilẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò. "Mo ti rí yàrá kan fún yín. Ó mọ́ tónítóní."

"Ṣó ní ọgbà?"

"Ó ní fèrèsé."

Ilé tó fi ojú ẹ̀ kọ́, òun fúnra ẹ̀ ló di ìdí téèpù mú tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n tà. Òun ló gé òkú òdòdó kúrò kí ilé lè wu olówó. Ó dùn ún wọ eegun.

Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ sídìí róòsì, ó yọ fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin náà lẹ ní ilé yìí ti tóbi jù fún yín." Ọmọ dáadáa ni, ká má parọ́. Kò ṣẹ ẹnì kankan.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ọ. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń gé òkú òdòdó àti bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ̀ka sára wáyà, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

"Èyí tó ń ti ìdí jáde yìí ńkọ́, mà? Ó mà tutù yọ̀yọ̀ o!"

Ewé méje-méje. Abẹ́rẹ́ ti rí i láti àárọ̀, ó sì ti múra láti fà á tu. Ó gbójú sókè wo àbúrò ẹ̀.

"Ìyẹn? Má fọwọ́ kàn án o. Ọmọ ẹ̀ ni. Máa bomi rin ín dáadáa, jẹ́ kó gòkè. Tó bá dọjọ́ ogbó, òun ló máa gbé ìyá ẹ̀ ró."

Awọnlẹ̀ la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ dúró, ó ń retí ẹ̀. Ká ní ó sọ pé, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀," lójú ẹsẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ì bá kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ, ì bá fọwọ́ ara ẹ̀ fà á tu, bóyá ì bá tiẹ̀ dárí jì í. Ọkùnrin náà wo ọmọbìnrin yẹn, ó wo ìwé abíyá ẹ̀ tí wọn ò tíì buwọ́ lù.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ yọ àlùmọ́gàjí lápò, ó fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ di ẹrù ẹ̀.