Ìdajì Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀ṣúnwùmí Sọ Lórí Rédíò

"Gbé e kúrò níwájú mi, Ọ̀ṣún. Mi ò ní jẹun lónìí."

Tàǹtí Rosalie fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ ògì náà sẹ́yìn. Ọ̀ṣúnwùmí wo ọwọ́ ọ̀hún. Ọwọ́ tó ń ṣe epo pupa ní Banigbé láàárọ̀ lálẹ́ kí Ọ̀ṣúnwùmí lè kàwé ti di egungun lásán. Àná ló ti Faransé dé, nígbà tó gbọ́ pé àwọn dókítà ò lè fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí ní oògùn jẹjẹrẹ ọmú mọ́. Wọ́n ní ó ti rù jù, ara rẹ̀ ò ní gbà á.

"Tàǹtí, ta ló ní kí ẹ má jẹun?"

"Ìwọ ni."

Ọ̀ṣúnwùmí rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà fa fóònù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn Ọ̀ṣúnwùmí fúnra rẹ̀ sì gba yàrá kan. Ètò rédíò tó ṣe nígbà fakáńsì tó kọjá ni, nígbà tí inú gbogbo ìlú Ifangni ń dùn pé ọmọ wọn di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

"Bí ebi bá pa sẹ́ẹ̀lì," ni ohùn náà ń wí, "á kó pàǹtírí inú ara rẹ̀ jẹ, á fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ótófají là ń pè é. Òun ni mo ń wádìí nínú jẹjẹrẹ."

Olóòtú ètò ní, "Ebi náà wúlò nígbà yẹn." Ọ̀ṣúnwùmí inú fóònù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó wúlò o."

"Voilà," ni Tàǹtí wí. "Ebi ni mo fi ń pa jẹjẹrẹ yìí."

Ìtìjú bo Ọ̀ṣúnwùmí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ó mọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà bí ẹni mowó.

"Tàǹtí, ọ̀rọ̀ yẹn ò tán síbẹ̀. Ótófají yẹn ń ran ara tó dá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá ti fìdí múlẹ̀, òun náà mọ ọgbọ́n yẹn. Bí ẹ bá ń febi pa á, á máa jẹ pàǹtírí tirẹ̀, á sì máa wà láàyè. Ẹ̀yin lẹ ń rù."

Tàǹtí ti fóònù náà padà sábẹ́ ìrọ̀rí. "Kí ló dé tí o ò sọ ìyẹn?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń dùn. Mi ò fẹ́ kó gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo sọ fún wọn lọ́sibítù pé ọmọ mi mọ̀ jù wọ́n lọ."

Èyí dun Ọ̀ṣúnwùmí ju èébú lọ.

Tàǹtí fa abọ́ sọ́dọ̀, ó mu ṣíbí kan, ojú rẹ̀ korò. Ó fẹ́ bu ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mo fi ohùn ẹ yẹn ránṣẹ́ sí Faridatou."

Faridatou ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ́ owó ní Igolo, àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ọ̀ṣúnwùmí pè é. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè.

"Omi nìkan ló ń mu ní tiẹ̀," ni Tàǹtí wí. "Má pè é mọ́. Lọ bá a nílé. Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ febi pa á."

"Ògì yín ńkọ́?"

"Màá mu ún. Máa lọ."

Ọ̀ṣúnwùmí wọ bàtà, ó jáde sí títì, ó dá ọlọ́kadà kan dúró. Títí wọ́n fi ń wọ Igolo ló ń wá ohun tó máa sọ, bó bá jẹ́ pé kì í ṣe Faridatou ló ṣílẹ̀kùn fún un.