Sójà Lẹ́nu Ọ̀nà Ìpàdé

Sọ́ńdè kan ni, Màmá ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí lórí ẹ̀rọ ayélujára bíi ti àtẹ̀yìnwá, ni àlejò tá ò pè bá já wọlé. Ó tú àwòrán ìhòòhò sójú wa, ó sì bú Màmá. Ọmọ àbúrò mi kan ló ti gbé línkì ìpàdé síta gbangba kí ẹbí tó jìnnà lè rí i. Màmá bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Mi ò ní jókòó níwájú nǹkan yìí mọ́."

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti kúrò nílé. Orí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mo ti ń rí ojú wọn.

Àbúrò mi obìnrin ló bẹ̀ wọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù nílé ìwòsàn. Sójà làwọn nọ́ọ̀sì ń pè é.

"Ẹ fún mi ní Sọ́ńdè kan péré, Màámi. Tẹ́nikẹ́ni bá tún já wọlé, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́."

Ó yí línkì padà, ó fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sí wa níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè fi àwòrán hàn mọ́ àfi òun, oníkálukú á sì dúró síta títí òun á fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ náà, fóònù mi kú. Mo lo tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ ọmọ mi. Mo dúró síta títí, ó sú mi, mo fi fóònù ọmọ náà pe àbúrò mi.

"Ta ló ń jẹ́ Kìnnìún Méje níbí?"

"Orúkọ tí ọmọ ọmọ mi fún tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá rẹ ni."

"Gbogbo ọkùnrin ni bọ̀ọ̀dá ẹnì kan, sà."

"Ṣé o ò mọ ohùn mi ni?"

"Ẹ̀rọ ń sín ohùn jẹ lóde òní. Níbo ni bọ̀ọ̀dá mi sá sí lọ́jọ́ tó fọ́ dígí Màámi?"

Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Inú àpótí aṣọ."

Mo gbọ́ Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Òun ló fọ́ ọ? Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń bá ológbò wí."

"Ẹ wọlé, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orúkọ yẹn padà."

Bí mo ṣe wọlé ló tilẹ̀kùn ìpàdé. Màmá wọ gíláàsì wọn, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó dá àkọ́bí mi dúró síta, ta ló tún máa gbà láyè? Mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Sọ́ńdè mẹ́rìndínláàádọ́ta la tún fi rí wọn kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Àlejò kankan ò já wọlé. Títí dòní, tẹ́nikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹbí mi, Sójà ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.